Láti Èsúsú Dé Adójútòfò Ìlera

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a tú wò lónìí: adójútòfò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi mọ́ dójú ti òfò. Fáwẹ̀lì ti àti òfò pàdé, a pa ọ̀kan jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé òfò kò ní í ṣẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí òfò bá dé, òun ni ojú yóò tì.

Ní ọdún 1989, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibà dá àbúrò mi obìnrin gúnlẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kí a san owó kí wọ́n tó tẹ́wọ́ gbà á. Ìyá mi wà nínú èsúsú obìnrin 12, ẹni kẹsàn-án ni, ṣùgbọ́n ẹni kẹta ni ó kàn láti kó. Obìnrin tí ó kàn náà yọ̀ǹda ipò rẹ̀ fún un. Àbúrò mi yè. Síbẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé: bí obìnrin náà bá kọ̀ ńkọ́? Oore ni ìyá mi rí gbà, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921: gbogbo ẹgbẹ́ a dá iye kan náà ní àkókò tí a yàn, lábẹ́ olórí kan, wọn a sì máa kó o fún ara wọn ní ẹsẹẹsẹ. Ó ń jẹ́ kí tálákà rí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ ni o ń gbà padà, àìsàn kì í sì í dúró de ipò. Ibí ni adójútòfò ìlera ti yàtọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ le kì í gba owó tirẹ̀ padà, ẹni tí àìsàn bá mú ni a ń ná an fún.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí a bá ní kí ẹni tí ó bá wù wọlé, àwọn alára líle lè fà sẹ́yìn, kí ó ku àwọn aláìsàn nìkan, kí owó tí wọ́n ń dá sì máa ga títí àpò yóò fi gbẹ. Jámánì fi òfin dènà èyí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1883, lábẹ́ Otto von Bismarck, ẹni tí ó fẹ́ fa ojú àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn alátakò rẹ̀. Ó di dandan fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ láti dá owó: òṣìṣẹ́ san ìdá méjì nínú mẹ́ta, agbanisíṣẹ́ san ìyókù. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn lè gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 13.

Ní Nàìjíríà, òfin jáde ní 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìlànà rẹ̀ nígbà náà ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5. Ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ yàn a máa gba iye kan lórí rẹ̀ lóṣooṣù, yálà àìsàn mú un tàbí kò mú un. Òfin tuntun tí a bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún aláboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláìní. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tí kò ní ìwé owó oṣù, ta ni yóò máa yọ tirẹ̀? Ìbéèrè tí ó kù nílẹ̀ nìyẹn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n a ti ń kó ọwọ́ jọ kí a tó sọ ọ́. Ohun tí obìnrin ọjọ́ náà fi inú rere ṣe ni òfin fẹ́ sọ di ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ èsúsú ti yí ipò padà nítorí aláìsàn rí ní àdúgbò yín, kí sì ni ẹ ń pe irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀? Ire o.