Gègé Lọ́wọ́ Akọ̀wé: Iṣẹ́ Ọ́fíìsì àti Òmìnira Ẹ̀gbá, 1865–1914

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ti kọ nípa Abẹ́òkúta, àwọn jagunjagun, àwọn ọba àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló máa ń wà níwájú. Àwọn tó jókòó sí ìdí tábìlì, tí wọ́n ń da lẹ́tà kọ, tí wọ́n ń kọ owó ibodè àti ẹjọ́ sínú ìwé, kì í sábà hàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òmìnira ìlú náà ṣe dúró àti bí ó ṣe bọ́, ó yẹ kí ó wo iṣẹ́ wọn.

Kí ìwé tó dé, Yorùbá ní ètò iṣẹ́ jíjẹ́ tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ló ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin, apá kan orí wọn tí a fá sì ni àmì tí ará ìlú fi ń dá wọn mọ̀. Àrokò náà wà: owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ àti àwọn nǹkan mìíràn tí a so pọ̀ láti fi ránṣẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òjíṣẹ́ nìkan ni ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé yí èyí padà. Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS dé Abẹ́òkúta, ní 1859 sì ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn níbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọ̀rọ̀ òwò àti ti ojú ọ̀nà di ọ̀rọ̀ lẹ́tà láàárín gómìnà àti àwọn olóyè Ẹ̀gbá. Ó di dandan kí ẹnì kan máa kà á, kí ó sì máa dá èsì padà. George William Johnson, Sàró tó jẹ́ aránṣọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àyè náà. Ní 1865 wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, wọ́n sì fi Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣe olórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fi owó ibodè lé ẹrù tó ń lọ sí Èkó, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ibẹ̀. Èrò wọn yéni: bí ó bá jẹ́ ìjọba tó ní ìwé nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń kà sí ìjọba, kí Ẹ̀gbá náà ní ìwé. Ṣùgbọ́n Èkó kọ̀ láti gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìjọba. Nínú ìlú pàápàá, agbára àwọn Ògbóni àti àwọn ológun kò ti inú fáìlì wá. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà fi tú ká.

Gómìnà Carter bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn ní 1893, èyí tó gbà pé wọ́n wà lómìnira. Ní 1898 ni ìjọba ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá tuntun bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Ní 1902 Adégbóyèga Ẹdun di akọ̀wé àgbà rẹ̀. Òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti olórí ilé ẹ̀kọ́ ni tẹ́lẹ̀, J. H. Samuel sì ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Òun ló bá Aláké lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ́fíìsì ti gbilẹ̀: ìwé owó, ìwé ìpeni-lẹ́jọ́, lẹ́tà sí Èkó.

Ibí ni ìṣòro wà. Orúkọ Aláké ni àṣẹ fi ń jáde, ṣùgbọ́n akọ̀wé ló kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ẹ̀gbá kò lè kà á. Nítorí náà, ẹni tó lè bi akọ̀wé léèrè ohun tó kọ kì í ṣe ará ìlú tí ìwé náà kàn. Ojú akọ̀wé ni ará oko fi mọ ìjọba, bí ìnira bá sì dé, akọ̀wé ni wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ní 1914, bàbá arúgbó kan láti Ìjẹmọ̀ kú sí àtìmọ́lé ìjọba Ẹ̀gbá. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ bínú, wọ́n sì ní kí a yọ Ẹdun nípò. Aláké ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù Ògún, oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn sójà yìnbọn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àdéhùn 1893. Òmìnira Ẹ̀gbá parí.

Kò tọ́ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi yìí lé orí ẹnì kan. Ọba wà, àwọn olóyè wà, Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Ìjẹmọ̀ béèrè kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ni akọ̀wé ń dáhùn fún? Johnson àti Ẹdun rò pé ìwé yóò dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ òkèèrè, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ọ́fíìsì wọn kò rí ṣe ni kí ìwé náà yé àwọn tí a kọ ọ́ lé lórí, bí àrokò ti ń yé ẹni tó gbà á. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀dùn ọkàn Ìjẹmọ̀, inú ìwé àwọn tó dojú kọ wọ́n la ti ń kà á.