Níbo Gan-an Ni Ọ̀fun Ti Ń Dí? Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ fún Èémí Tó Ń Dúró Lójú Oorun

Ẹni tó bá ń hanrun ní Navy Town, Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín, wọ́n á ní oorun rẹ̀ dùn. Ẹni tó ń sùn tì í nìkan ló mọ̀ pé híhanrun náà máa ń dákẹ́ lójijì, tí àyà á ṣì máa lọ sókè sódò, tí èémí kankan ò wọlé, kó tó wá mí kanlẹ̀. Bí èémí bá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó kéré tán, tí irú rẹ̀ ń wáyé nígbà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá ti tó ìgbà 30, ó ti le gan-an.

Egungun ló ń jẹ́ kí ihò imú wà ní ṣíṣí. Ọ̀nà èémí tó wà lábẹ́ gògóńgò náà ní òrùka egungun rírọ̀ tí kò jẹ́ kó pa dé. Àárín wọn, láti ẹ̀yìn àjà ẹnu dé gògóńgò, ẹran àti iṣan lásán ni, òun náà ló sì jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀. Bí a bá sùn, iṣan á dẹ̀, ahọ́n á fà sẹ́yìn, bí a sì ṣe ń fa èémí sínú ni ògiri ọ̀fun á máa lẹ̀ mọ́ra, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń fa omi inú rẹ̀ tán. Ọrùn tó sanra, tonsil (ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun) tó wú tàbí àgbọ̀n tó kéré á tún mú kí àyè há sí i.

Bèlubèlu, ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu, ni wọ́n sábà ń dá lẹ́bi fún wàhálà ọ̀fun. Ó pẹ́ tí àwọn onígbàjámọ̀ Hausa, àwọn wanzami, ti ń gé e fún ọmọdé. Kì í ṣe tìtorí híhanrun o. Ikọ́ àti ọ̀fun tó ń dunni ni wọ́n ní àwọn ń wò. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá àti tẹ́tánọ́ọ̀sì ti ti ibẹ̀ wá.

Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó borí sleep apnea kò tilẹ̀ fọwọ́ kan bèlubèlu. Ní 1965 ni àwọn oníwádìí ní Faransé àti Jámánì rí i pé èémí ń dúró lójú oorun. Nígbà tó di 1969, Kuhlo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dá ihò sí ọrùn aláìsàn, kí èémí lè gba abẹ́ ibi tó dí wọlé. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ta ló fẹ́ máa gbé ihò kiri lọ́rùn?

Ní 1981, Shiro Fujita ní Detroit yọ tonsil, ó gé bèlubèlu, ó sì dín àjà ẹnu rírọ̀ kù, ó tẹ̀ lé ohun tí Ikematsu ti ń ṣe fún àwọn tó ń hanrun ní Japan. Lójú tèmi, iṣẹ́ abẹ yìí tàn kálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Sher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde rẹ̀ jọ ní 1996, nǹkan bíi 41 péré nínú 100 ló yanjú fún. Híhanrun lè lọ kí èémí ṣì máa dúró, nítorí ẹ̀yìn ahọ́n ni tàwọn mìíràn ti ń dí.

Ọdún 1981 náà ni Colin Sullivan ní Sydney fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gba imú aláìsàn, tí ọ̀fun kò fi pa dé mọ́. Títí dòní, òun ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n iná ló ń lò láti alẹ́ mọ́jú, ará Okokomaiko ní Ọ̀jọ́, tí iná kì í dúró fún, kò sì nílò àlàyé kankan lórí ìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀bẹ kò kúrò nílẹ̀. Riley àti Powell ní Stanford gé egungun àgbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n tì í síwájú, kí ahọ́n lè bá a lọ; èyí ń ṣiṣẹ́ ju ti Fujita lọ dáadáa. Ní 1991, Croft àti Pringle ní London fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀, wọ́n sì fojú rí ibi tó ń dí. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà, tó ń ta iṣan ahọ́n jí.

Tọmọdé yàtọ̀. Tonsil àti adenoid, ẹran tó wà lẹ́yìn imú, ló sábà ń dí wọn lọ́nà. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013 kó ọmọ 464 tó ní sleep apnea jọ, ọlọ́dún 5 sí 9. Oṣù 7 lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò oorun 79 nínú 100 àwọn tí wọ́n yọ méjèèjì fún ti dára. Láàárín àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 46 nínú 100 ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí òbí ọmọ tí tirẹ̀ kò le ṣì ní sùúrù ná.