Twins Seven-Seven (1944–2011): Akọrin Tó Tún Jẹ́ Ayàwòrán

Ọmọba Táíwò Ọláníyì Ọ̀ṣúntókí, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, jẹ́ akọrin, oníjó àti ayàwòrán. Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí ààlà Èkìtì, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1944. Ìdílé ọba ní Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ ti wá. Bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, ìgbà méje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì yè. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ orúkọ náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ijó ni ó gbé e dé Òṣogbo ní ọdún 1964, nígbà tí ó ń jó fún oníṣòwò òògùn kan tí ń kiri ìlú. Ní ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀, níbi tí Dúró Ládipọ̀ ti ń ṣe eré, Ulli àti Georgina Beier gbà á mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Iṣẹ́ ọnà rẹ̀

Iwin, òrìṣà àti ẹranko igbó, irú èyí tí à ń bá pàdé nínú ìwé Amos Tutùọlá, ni ó kún inú àwòrán rẹ̀. Kì í fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo: ó ń tún ọnà kéékèèké yà léraléra, bí elégbè ṣe ń tún orin gbè.

Òkìkí àti ìṣòro

Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1989. Síbẹ̀, òkìkí nìkan kì í bọ́ni: nígbà tí nǹkan le fún un ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní ọdún 2005, UNESCO fi oyè Oníṣẹ́-Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ó padà sílé, ó sì kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2011.

Ohun tí ó kàn wá ní Èkìtì

Iṣẹ́ ọwọ́ wa náà ti rìn jìnnà: ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924. Lónìí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà lórí orin àti àwòrán bákan náà, nígbà ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó bá kú. Ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ Twins Seven-Seven yóò wà títí di òpin ọdún 2081.

A rọ àwọn ọ̀dọ́ olórin àti ayàwòrán wa kí wọ́n máa kọ orúkọ àti ọjọ́ sí iṣẹ́ wọn, kí wọ́n má sì buwọ́ lu ìwé àdéhùn tí kò bá yé wọn. A sì bẹ ẹ̀yin òbí: bí ọmọ bá ń kọrin tí ó tún ń ya àwòrán, ẹ má sọ pé dandan ni kí ó mú ọ̀kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.