Táyà ńlá àti ìgbátí fẹ́ńdà lára jíìpù tó ti ń dípẹtà: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá ń ti Iléṣà bọ̀, tó yà ní Ìwàràjà, tó gba Ẹ̀rìnmọ̀ wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òun ti dé ibi òkè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Láti ibẹ̀ dé Àrámọ̀kọ, kí èèyàn tó yà sí Ìkọ́gòsì tàbí kó forí lé Ìjerò, gígùn àti sísọ̀kalẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Bí ẹ bá wá kúrò lórí ọ̀dà, tí ẹ bọ́ sí ọ̀nà oko kòkó tàbí ọ̀nà tí àwọn tó ń wa kùsà ń gbà lágbègbè Ìjerò, ilẹ̀ pupa ló máa kí yín káàbọ̀. Lásìkò òjò, ilẹ̀ yẹn á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á di kòtò-kòtò tó le bí àpáta.

Ìdí nìyí tí jíìpù àtijọ́ kò fi tíì tán níbẹ̀. Toyota 4Runner, Hilux, Nissan Pathfinder, Mitsubishi Pajero, àwọn tó ti lé ní ogún ọdún ṣì ń gbé kòkó, wọ́n ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń gbé èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó lọ wo ìsun omi gbígbóná Ìkọ́gòsì tàbí omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò náà ti ń ra irú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń fẹ́ ṣe ni kí wọ́n fi táyà ńlá sí i, kí wọ́n wá de nǹkan kan tó yọ síta mọ́ etí fẹ́ńdà, èyí tí àwọn tó ń ta pááàtì ọkọ̀ ní Ládipọ̀ ń pè ní fender flare. Ìgbátí ni mo máa pè é níbí. Ó máa ń rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ lára ọkọ̀ tí ìpẹtà ti ń jẹ, iṣẹ́ yìí lè pa èèyàn bí wọn kò bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà ara táyà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń rà á lójú lásán ni. Bí wọ́n bá kọ 225/75R15, 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 75 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn bíi mìlímítà 169. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù, ní íǹṣì. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, táyà yẹn ga tó mìlímítà 719 láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní íǹṣì 28. Irú rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002. Èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni 31x10.50R15: ó ga ní íǹṣì 31, bíi mìlímítà 787, ó sì fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́wàá ààbọ̀.

Ìyàtọ̀ gíga wọn jẹ́ mìlímítà 68. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ọkọ̀ máa fi ga sí i, bíi mìlímítà 34, kò ju ìka méjì tí ẹ tò pọ̀ lọ. Ìdajì yòókù ti gòkè lọ sábẹ́ fẹ́ńdà, òun gan-an ló sì máa ń wá fa wàhálà, torí ibẹ̀ ló ti máa ń ha irin.

Àwọn nǹkan mìíràn tún yí padà tí ojú kò rí. Ago tó ń sọ eré yóò máa parọ́: bó bá sọ pé 100 ni ẹ wà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 110. Jíà náà yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti gbé e ga, torí táyà ńlá ń rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìyípo kan. Lórí ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ máa mọ̀ ọ́n, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré onílítà 2.7 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ óò máa padà sí jíà kejì níbi tí jíà kẹta ti ń gbà yín tẹ́lẹ̀. Epo tí ẹ ń rà látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ mọ iye tó jẹ́. Yóò lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Búrékì ló kàn, òun sì ló bà mí lẹ́rù jù. Táyà tó ga tó sì wúwo ṣòro láti dá dúró. Búrékì kò tóbi sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, tí ẹ ní ẹrù lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ yín kò kúrò lórí búrékì, yóò gbóná débi pé kò ní di táyà mú mọ́. Jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Kí mẹkáníìkì yín sì wo páàdì iwájú àti ìlù búrékì ẹ̀yìn kí ẹ tó ra táyà ńlá, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ìpẹtà. Púpọ̀ nínú jíìpù tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti wá. Níbẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á ta sábẹ́ ọkọ̀, á wọnú ṣásì, á jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ìsọkúsọ mẹkáníìkì o. Lọ́dún 2008, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ra Tacoma ọdún 1995 sí 2000 padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà torí pé ṣásì wọn ti jẹrà. Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ náà tún gbà láti parí ẹjọ́ mìíràn lórí Tacoma, Tundra àti Sequoia bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀, owó tí wọ́n ṣírò pé ó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. 4Runner kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n òun náà jókòó lórí ṣásì, títì oníyọ̀ kan náà ló sì ti rìn.

Tó bá wá dé Èkìtì, kò sí iyọ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ pupa wà. Ẹrẹ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ inú fẹ́ńdà, kò ní gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò òjò, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa mu omi. Kò sí ibi tí ẹrẹ̀ ti máa ń rí ààyè jókòó tó ẹ̀yìn ìgbátí.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ mú òòlù kékeré. Irin tó ṣì dára á dún gbọnran bí ẹ bá kàn án. Èyí tó ti jẹrà á dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Ẹ kan ṣásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, àmọ́ ẹ dúró pẹ́ níwájú táyà ẹ̀yìn àti níbi tí sípíríǹgì jókòó sí. Ẹ tọwọ́ bọ inú etí fẹ́ńdà. Ẹ wo páìpù búrékì àti ti epo bẹ́ẹ̀ náà. Bí òòlù bá wọ inú ṣásì, ẹ gbàgbé táyà ńlá. Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ.

Ìpẹtà tó wà lójú irin lásán kò le: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dé ibi tó mọ́, ẹ kun ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ tó kun ọ̀dà gan-an. Èyí tó ti lu irin jẹ́ ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Kó gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, kó sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Kí ó tú orí bátìrì kó tó dáná, kó sì mọ ibi tí táǹkì epo wà.

Pọ́tì kì í ṣe irin. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí torí èmi náà ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé jíìpù mi fún panẹbítà kan. Ó fi bébà ìròyìn dí ihò tó wà lẹ́yìn fẹ́ńdà (èmi akọ̀ròyìn!), ó fi pọ́tì bò ó, ó kun ún, ó sì fi sukurúù de ìgbátí mọ́ orí pọ́tì náà. Ó dán bí dígí. Kí òjò ọdún kejì tó dá, nígbà tí mo bọ́ sínú kòtò kan lọ́nà Ìkọ́gòsì, ìgbátí náà já bọ́ pẹ̀lú odindi etí fẹ́ńdà. Ọlọ́kadà kan wà lẹ́yìn mi tó gbé èrò. Ọlọ́run ló ní kó yà á.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ kọ́kọ́ fi táyà ńlá sí i, kí ẹ rọra wa ọkọ̀ náà. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ tán sí ọ̀tún, ẹ yí i tán sí òsì, ẹ lọ síwájú, ẹ padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gun nǹkan gíga pẹ̀lú táyà kan ṣoṣo. Ibi tó bá ti ha, ẹ máa rí àmì rẹ̀ lára táyà. Níwájú, igun ẹ̀yìn fẹ́ńdà ló sábà máa ń ha, níbi tí irin méjì ti pàdé. Panẹbítà lè fi òòlù tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn, ẹ ṣọ́ra: irin méjì ló wà níbẹ̀, ti ìta àti ti inú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní etí. Bí wọ́n bá gé etí yẹn, ó ti ya nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jó o padà, kí wọ́n sì dí ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa wọnú bọ́dì lọ láìdúró.

Ìgbátí fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Táyà tó bá yọ síta ju fẹ́ńdà lọ á máa ju òkúta àti ẹrẹ̀ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn àti sí gíláàsì tiyín náà. Oníke wà, onírọ́bà wà, àwọn kan sì ń fi fáíbà ṣe é nílé. Mi ò fẹ́ràn onírin lára ọkọ̀ tó ti ń dípẹtà, ó kàn ń fi aláìsàn kún aláìsàn ni. Ihò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lu, ẹ kun etí rẹ̀ ní ọ̀dà, kí ó gbẹ kí bóòtù tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìgbátí àti bọ́dì. Kí ẹ lo bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó ṣeé tú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù, torí ó yẹ kí ẹ máa tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ fi omi tó ń tú jáde dáadáa fọ abẹ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti oko dé.

Ní ti táyà rírà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, nítorí náà òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, tòkunbọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ihò táyà lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ wo bóyá ó ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn tí fọkanáísà bá dè é tán, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún lẹ́yìn bíi kìlómítà 80. Kí ẹ sì ra márùn-ún, ẹ má ra mẹ́rin. Bí táyà kan bá bẹ́ lójú ọ̀nà Ìjerò, tó jẹ́ pé èyí kékeré àtijọ́ ni ẹ gbé sáyà, ẹ má fi ọkọ̀ sí fọ́ wíìlì lórí ọ̀dà títí ẹ ó fi dé ilé, torí gíga méjì tí kò bára mu á máa fa jíà abẹ́ ọkọ̀ ya. Ẹ tún wọn ààyè abẹ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń so sípíà kọ́ sí kí ẹ tó sanwó, torí ẹ lè dé ilé kí ẹ rí i pé táyà karùn-ún yẹn kò wọlé síbẹ̀.