Ọjọ́ Tí Ayálégbé Ń Jáde: Àkíyèsí Kan lórí Gowon Estate

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọjọ́ tí ayálégbé kan ń kó jáde kí òmíràn tó wọlé. Gowon Estate, tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ sí ìhà Ìpájà, ń jẹ́ orúkọ Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun láti 1966 títí di 1975. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ yìí kì í ṣe ohun tí onílé lè yàn bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ń sanwó ọdọọdún láti ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì, 31 Disẹ́ḿbà ni ìwé tí a fi lé e gbọ́dọ̀ parí. Bí onílé bá ṣi ọjọ́ kà, ìwé náà di asán; ọ̀pọ̀ ayálégbé ni àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti kó yọ.

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 tú okùn yìí. Ó yọ Ìkòyí, Apápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Gowon Estate. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ fún ọlọ́dọọdún, ó sì lè parí ní ọjọ́ tí ọdún náà pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, onílé ni èyí ṣe lóore jù.