Ìwé Ọ̀fẹ́ Ọdún 1955 àti Ipa Olùkọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Ọmọ ní Agbègbè Afijio

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Ẹlẹ́dàá ló dá ìka bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àìdọ́gba tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan àti èkejì, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìtàn Fìdítì, Ìlọràá àti àwọn ìlú yòókù tí wọ́n para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní 1989.

Kí ó tó di 1955, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, òbí sì ní láti sanwó kí ọmọ tó wọ kíláàsì. Àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó a yan ọmọ tí yóò kàwé. Àwọn tó kù a bá a ròko. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gẹ́gẹ́ bí àbá tí S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé kalẹ̀ ní 1952. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ẹkùn náà kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó di nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan.

Ètò yìí ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tálákà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó wà nínú kíláàsì di ọgbọọgba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's, tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́níṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ láti 1896, kò jìnnà sí Ìlọràá. Síbẹ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó láti pèsè olùkọ́ fún gbogbo ẹkùn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì kọ́ bí a ti ń kọ́ni.

Ohun tí olùkọ́ àti ohun èlò lè jọ ṣe hàn ní Ilé-Ifẹ̀, tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà pẹ̀lú Fìdítì ní 1970. Lọ́dún náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà. Wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó lè béèrè ọ̀rọ̀ lédè ìyá rẹ̀, tí olùkọ́ kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ti gba ìṣírí. Ṣùgbọ́n ìṣírí nìkan kọ́. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí abà kan lẹ́yìn Fìdítì, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń pín ìwé kan kà, lè pe ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lórúkọ, kí ó sì yìn ín nígbà tó bá gbìyànjú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré. Àmọ́ ẹni tó bá ní ìṣírí olùkọ́ ti tó, gbèsè ìjọba ló ń gbé kọ́ olùkọ́ lọ́rùn.