Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ: Ìtàn Ògiri Wa, Láti Ilé Alámọ̀ Dé Omagba

 

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn òjò kan tó rọ̀ mọ́jú, pílásítà ẹ̀yìn ilé tí mò ń gbé ní Omagba já bọ́ lulẹ̀. Ibi tó já fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì. Ọmọ alábàágbé wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀ ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Gbogbo ayálégbé jáde, a dúró, a ń wò ó. Ẹnì kan ní iṣẹ́ onílé nìyẹn. Ẹlòmíì ní òun ò ní pẹ́ kó lọ. Èmi náà dá sí i, mo ní, "Ilé tèmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ máa bá mi bọ̀, ẹ óò rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ògiri amọ̀ ni ti agboolé wa. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ sì gbẹ díẹ̀, bàbá mi á mú ọ̀pá, á yí ilé ká, á máa fi kan ìdí ògiri. Ibi tó bá ti rọ̀, á sàmì sí i. Tó bá di Sátidé, àwa ọmọ á pọn omi, a óò da koríko gígé mọ́ amọ̀, a óò máa fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná. Àwọn ọkùnrin á fi dí ibi tó jẹ. Àwọn ìyá wa ló máa ń fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ tí yóò fi dán. Wọ́n á lo ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á tún wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso irúgbá sè sí i. Omi pupa yẹn máa ń mú kí ojú ògiri le, òjò kì í tètè wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn baba wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ilé. Wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo orí ilé. Níbi tí igbó wà, ewé gbòdògì ni. Òrùlé yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ́ o. Agboòrùn ògiri ni. Wọ́n mọ̀ pé amọ̀ àti omi kì í ṣọ̀rẹ́.

Àtúnṣe wá di ohun tí gbogbo ìlú ń fi ọjọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ọdún Bẹẹrẹ. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin, kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Òótọ́ ni pé ìsìn ni, ọ̀nà tí ìlú fi ń fi hàn pé òun ṣì ń tẹrí ba fún Aláàfin. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún wò ó lọ́nà kejì: ilé ọba pàápàá, wọn ò retí pé kó gbé ọdún kan kó máà gba àtúnṣe. Kò sí ẹni tó rò pé ilé ṣe é kọ́ lẹ́ẹ̀kan kí á sì gbàgbé rẹ̀.

Kì í sì í ṣe amọ̀ nìkan làwọn èèyàn wa mọ̀. Àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n kó wọn lọ. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nínú ìlú yẹn, ilé pákó lórí ìpìlẹ̀ òkúta ni àwọn àti àwọn aládùúgbò wọn ń kọ́. Pákó ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn mọ́ra. Èyí tó tẹ̀lé e á gun orí rẹ̀ díẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja, títí dé òkè, kí omi lè máa ṣàn lọ sílẹ̀ láì wọnú. Òjò Onitsha wa yìí tó bíi mílímítà 1,800 lọ́dún. Ti Freetown kì í sábà dín ní 3,000 o! Síbẹ̀ lára ilé pákó wọ̀nyẹn ṣì dúró títí dòní. Kí ló fà á? Pákó tó bá jẹrà, òun nìkan ni wọ́n ń yọ, wọ́n á fi tuntun dípò rẹ̀. Pákó ìsàlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà, nítorí òun ni òjò tó bá ta láti ilẹ̀ ń bá.

Nínú ìlú ilé pákó yẹn ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti kàwé. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó rí ìdáǹdè ní 1822, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ iléèwé Fourah Bay ní 1827. Òun náà ló kó àwọn míṣọ́nnárì gba Odò Ọya wá sí Onitsha ní 1857. Ẹni tó fi sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ níbí ni John Christopher Taylor, tí wọ́n bí ní Sierra Leone fún àwọn òbí tó jẹ́ Igbo. Torí náà, tí ẹnì kan bá ní Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Onitsha, ẹ rán an létí. Yorùbá àti Igbo ti jọ gbé abẹ́ òrùlé kan kí wọ́n tó jọ dé etí odò yìí.

Ó dáa. Kí ló wá yí ìwà wa padà? Paánù àti sìmẹ́ǹtì ni.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn kí 1901 tó parí. Paánù bá a wọ inú ilẹ̀ lọ́pọ̀. Paánù dáa, kì í jóná bíi koríko. Ṣùgbọ́n owó la fi ń rà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà ju ohun tó máa bo yàrá lọ. Báyìí ni etí òrùlé ṣe kúrú, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ògiri ní tààrà. A wá nílò ohun tó máa bo ògiri. Sìmẹ́ǹtì dé. Ará England kan, Joseph Aspdin, ló gba ìwé àṣẹ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Portland ní 1824. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun la ti ń kó o wá. Iléeṣẹ́ Nkalagu, tí kò jìnnà sí wa níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1957. Ti Ewékorò tẹ̀lé e ní 1960.

Lẹ́yìn ogun 1967 sí 1970, ìlú Onitsha ti bàjẹ́ gan-an, ọjà ńlá pàápàá kò yọ. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tún un kọ́. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ béèrè fún sìmẹ́ǹtì tó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20, títí ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 fi tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn èbúté Èkó, tí wọn ò ríbi já ẹrù sí. Gbogbo wa la gbà pé ohun tó máa tán ìṣòro ògiri títí láé ti dé.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1996, nígbà tí ọjà tà fún mi dáadáa, mo fi owó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara ilé amọ̀ bàbá mi. Mo ní kí ìyà pípo amọ̀ lọ́dọọdún tán. Bàbá mi kò fẹ́. Ó ní, "Ògiri tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn mọ́, ẹ ò ní mọ ìgbà tó ń ṣàìsàn." Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Bàbá kú. Kálukú wà lẹ́nu ajé ẹ̀. Ní 2014, wọ́n pè mí pé ògiri ẹ̀yìn ti wó. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ibi tí sìmẹ́ǹtì ṣì dúró sí le gbagidi, ó dán, àmọ́ amọ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gì. Amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, ó máa ń sún kì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa sán. Omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí mo fi bo ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ ká rí i pé ó ti lanu.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square ní Èkó, ilé tí ọwọ́ àwọn tó ti Brazil bọ̀ wà nínú rẹ̀ láti 1855, ìjọba kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ó ń bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi wó o lulẹ̀ ní oṣù September 2016. Orúkọ ńlá kì í mú ògiri dúró. Ọwọ́ tó ń tún un ṣe ló ń mú un dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Omagba. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa níbí. Iyanrìn pupa ni, kì í di ara rẹ̀ mú. Ọ̀gbun tí ọ̀gbàrá gbẹ́ ní Omagba wà lára àwọn tí wọ́n kà sí ètò NEWMAP, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù dọ́là 500 fún ní 2012. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá kékeré tó ń gba ìdí ilé kálukú kọjá, ta ló ni ín? Tí ọyẹ́ bá dé, ògiri á gbẹ, á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí òjò April bá bẹ̀rẹ̀, omi á wọ ibi tó sán. Omi òrùlé á tún máa ta láti ilẹ̀ sí ìdí ògiri. Ìdí ni ikú ògiri ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi pákó ìsàlẹ̀ ti Freetown.

Bíríkìlà tí a pè, ọmọ Igbo ni, ó sì mọṣẹ́. Ó fi ìdí irinṣẹ́ rẹ̀ gbá gbogbo ògiri, ó ń tẹ́tí. Ibi tó bá dún gbòògbòò, pílásítà ibẹ̀ ti kú, ó ní ká họ ọ́ kúrò. Ó ní tí a bá rẹ́ tuntun lé òkú, méjèèjì á jọ já ni. Ó ní ká gbá eruku kúrò, ká fi omi rin ògiri, ká kọ́kọ́ fi sìmẹ́ǹtì tó ṣàn àti yanrìn odò ta á kó rí gbágungbàgun, kí èyí tó máa tẹ̀lé e lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn náà ni kí a rẹ́ ẹ gan-an, ká sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́. Ó tún ní tí a ò bá la gọ́tà sí ìdí ògiri, òun ò ní gba owó wa, torí a máa tún padà wá pè é ni. Tó bá jẹ́ ilé amọ̀ lẹ ní nílé, ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe. Kí ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé gùn.

Ó wá ku owó. Mo lọ bá màmá onílé wa. Opó ni, owó ilé yìí ló fi ń jẹun. Mo ní, "Mama, gud mọ́nìn o. Ògiri ẹ̀yìn yẹn lè pa ọmọ." Màmá ní, "Papa Bola, ọmọ mi, I no get." Kò purọ́, mo mọ̀. A jókòó, a ṣírò ẹ̀. Àwa ayálégbé mẹ́fà dá owó, màmá sì gbà kí a máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé. A kọ ọ́ sí ìwé, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní òun ò ní pẹ́ kó lọ yẹn, òun ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé nínú ilé tí ara rẹ̀ ń já, tí a ń fi gbogbo owó kọ́lé sí ìlú wa, tí a sì ti ìyẹn náà pa, tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. A ò tún ibi tí a ń gbé ṣe, torí kì í ṣe tiwa. A ò tún tiwa ṣe, torí a kì í gbé ibẹ̀. Ilé méjèèjì wá ń wó lójú wa. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo fi kún un pé èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ náà, ìgbàgbé lè wó o.

Òjò ò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ mú ọ̀pá, ẹ yí ilé tí ẹ ń gbé ká, ẹ gbá ìdí ògiri, kí ẹ sì tẹ́tí. Ẹ pe ẹnì kan nílé kó bá yín ṣe tibẹ̀ náà. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n fi ń ra ògiri ní ìlú tiyín fún wa, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Onitsha lè gbọ́.

Ilé wa kò ní wó lé wa lórí o. Àṣẹ.